Abèèrè Kì Í Ṣìnà, Bí Ẹni Tó Máa Dáhùn Bá Wà Níjòókòó

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá kan wọ ọ́fíìsì wa ní agbègbè Àgbádárìgì. Ẹja ni wọ́n ń yan tà lẹ́bàá ọ̀sà, òórùn èéfín ṣì wà lára aṣọ wọn. Ìgbà kẹta tí wọ́n máa wá nìyẹn. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, àwọn tó wà lẹ́nu géètì ní kí wọ́n lọ kọ lẹ́tà wá. Ìyá yìí kò mọ̀ọ́kọ. Èdè Ògù, tí ọ̀pọ̀ wa máa ń pè ní Ègùn, ni wọ́n ń sọ nílé, Yorùbá wọn sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń nájà. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Pátákó kan wà ládùúgbò wọn tó ní ìjọba ti parí iṣẹ́ omi síbẹ̀. Táńkì wà lókè, ẹ̀rọ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò kán níbẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ni wọ́n gbé owó omi yẹn fún?"

Èmi ni wọ́n fi sídìí tábìlì FOI nígbà náà. Mo ní, "Ẹ jókòó, mà." Mo mú bírò, mo kọ ìbéèrè ìyá sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo kà á sí wọn létí, akẹgbẹ́ mi kan tó gbọ́ Ògù tún un sọ fún wọn, wọ́n sì tẹ̀ka sí i. Ọ̀gá kan tó ń kọjá lọ dúró, wọ́n bi mí pé ṣé mo ti di akọ̀wé àwọn ẹlẹ́ja ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa kò mọ̀ pé òfin gan-an ló ní kí n ṣe ohun tí mò ń ṣe yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ẹ̀ka wa báyìí, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde bíi tèmi, kò ju èyí lọ: ìṣòro Òfin Òmìnira Ìwífún lórílẹ̀-èdè yìí kì í ṣe pé òfin náà kò dára. Òfin náà dára. Ẹni tó yẹ kó jókòó sídìí rẹ̀ ni kò sí. Níbi tó bá sì wà, àwọn ará ìlú kò mọ̀ ọ́n, àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò sì dáàbò bò ó. Bí a kò bá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí gbogbo ọ́fíìsì ìjọba, pàápàá ti ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní etíkun wa yìí, orí ìwé ni òfin náà máa wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bó ṣe dé. Láti ọdún 1993, lábẹ́ ìjọba ológun, ni Media Rights Agenda, Civil Liberties Organisation àti ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn, NUJ, ti ń jà fún un. Wọ́n gbé e lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ nígbà tí ìjọba alágbádá dé lọ́dún 1999. Àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i lọ́dún 2007, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kò buwọ́ lù ú. Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan tó buwọ́ lù ú. Ọdún méjìdínlógún gbáko. Ní orílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n ti ní irú òfin yìí láti ọdún 1766.

Ṣáájú ìgbà náà, òfin tí òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ ni Òfin Àṣírí Ìjọba ti ọdún 1962. Wọ́n á mú ọ búra pé ohun tó o bá rí nínú fáìlì, ẹnu rẹ kò ní sọ ọ́ síta. Òfin 2011 ti sọ pé lílu òǹtẹ̀ àṣírí sí ìwé nìkan kò tó láti fi dù ú fún ará ìlú. Ó sì tún sọ pé wọn kò gbọdọ̀ pe òṣìṣẹ́ tó bá fi òótọ́ inú fún ènìyàn ní ìwé lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ìbúra àtijọ́ yẹn ṣì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìdí tábìlì yẹn, àgbà òṣìṣẹ́ kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Rọra o. Wọ́n fi ọ́ sílé kí o máa tú àṣírí ilé." Wọn kò ní èrò ibi. Ohun tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́ mi.

Ẹ wo ohun tó wà nínú òfin náà, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa gboyè láì kà á. Ẹnikẹ́ni ló lè béèrè ìwé tàbí àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, kò sì pọn dandan kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dá a lóhùn. Bí ìwé náà bá pọ̀ jù, tàbí tó bá gba pé kí wọ́n kàn sí ibòmíràn, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un. Bí wọn kò bá ní í fún un, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ àti abala òfin tí wọ́n gùn lé. Owó tí wọ́n lè gbà kò ju owó ṣíṣe ẹ̀dà lọ. Ilé iṣẹ́ tàbí òṣìṣẹ́ tó bá du ènìyàn ní ìwé láìtọ́, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 500,000 náírà. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tó yí i padà kó tó fi fún ẹni tó béèrè, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni, ó kéré tán. Lọ́dún 2011, 500,000 náírà tó owó tí ń ba òṣìṣẹ́ lẹ́rù. Lónìí, kò tó ra fóònù tí àwọn ọ̀gá kan ń gbé lọ́wọ́.

Abala kẹta ni èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ, tàbí tó ní ìpèníjà ara tí kò jẹ́ kó lè kọ̀wé, lè rán ẹlòmíràn láti bá a béèrè. Bí ẹnì kan bá sì fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ tó gba ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, kó sì fún un ní ẹ̀dà ohun tó kọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní òfin ló ní kí n ṣe akọ̀wé ẹlẹ́ja. Ẹni tó bá mọ etíkun wa, láti Ajido dé Gberefu títí dé Sẹ̀mẹ̀, mọ ohun tí abala yìí túmọ̀ sí. Apẹja, ẹni tó ń fún epo àgbọn, ẹni tó ń tukọ̀ kérò kọjá ọ̀sà, àwọn ni omi, títì, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn kàn jù. Iṣẹ́ fífẹ títì Èkó sí Àgbádárìgì bẹ̀rẹ̀ láyé Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí nígbà náà ti ń múra ìdánwò JAMB. Èbúté ńlá tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ kọ́ sí Àgbádárìgì, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Ilé ta ni ó máa bọ́ sínú rẹ̀? Oko àgbọn ta ni? Ìbéèrè ni gbogbo rẹ̀, ìdáhùn wọn sì wà nínú fáìlì níbì kan.

Fún ọdún mẹ́rìnlá, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní òfin ìjọba àpapọ̀ nìyí, pé kò kan àwọn àfi bí ilé aṣòfin tiwọn bá ṣe irú rẹ̀. Èkìtì ṣe tiwọn kíá lọ́dún 2011 yẹn náà, ọ̀pọ̀ kò ṣe. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan: èyí tó jókòó ní Àkúrẹ́ lọ́dún 2018 ní òfin náà kan gbogbo ìpínlẹ̀, èyí tó jókòó ní Bìní ní kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ parí ìjà náà, nínú ẹjọ́ tí àwọn kan pe àjọ tó ń gbógun ti àrùn éèdì ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Wọ́n ní òfin náà kan ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan náà ti ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ so ìdájọ́ méjèèjì pọ̀. Ọwọ́ tí owó ń bọ́ sí, ọwọ́ yẹn náà ló gbọ́dọ̀ máa mú ìwé jáde. Àwáwí ti tán.

Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn lẹ́nu géètì. Ní Britain, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ẹ̀ka wa wà báyìí, òfin tiwọn tí wọ́n ṣe lọ́dún 2000 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2005. Ogún ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n fi ń dáhùn níbẹ̀, ó pẹ́ ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ́fíìsì kan bá fi ìwé dù ọ́, o lè fẹjọ́ sun kọmíṣọ́nnà ìwífún wọn láìsan kọ́bọ̀. Àwa kò ní irú kọmíṣọ́nnà bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ilé ẹjọ́ ló kù, láàárín ọjọ́ 30. Ẹni tó ń yan ẹja, níbo ló ti máa rí owó lọ́yà? Nítorí náà, láàárín ará ìlú àti adájọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló wà: òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí tábìlì yẹn. Bí ó bá mọ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ á tán níbẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ á kú níbẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Ẹ padà sọ́dọ̀ ìyá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wá fáìlì omi yẹn. Yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí ń jò. Àwọn kan ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, ikán ti jẹ àwọn mìíràn. Ẹni tó mú èyí tí mò ń wá lọ kẹ́yìn ti lọ sí ọ́fíìsì mìíràn, kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan tó fi hàn pé òun ló mú un. A fi ọjọ́ méje kún un, mo ní kí ọmọ ìyá wá gba ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí wọn kò kọ́ wa ní kíláàsì: ìwé púpọ̀ tí ìjọba kò fi hàn wá, ìjọba fúnra rẹ̀ kò rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ẹ̀ka lọ sí Gberefu mọ̀ pé àwọn tí wọ́n kó gba ibẹ̀ kọjá sínú ọkọ̀ ẹrú, ọ̀pọ̀ wọn kò ní orúkọ nínú ìwé kankan tí a lè ṣí lónìí. Etíkun yìí mọ ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ má sí.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ṣíṣí ilẹ̀kùn nìkan, ó ní ti títì í náà. Ẹnì kan kọ̀wé sí wa pé kí a fún òun ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà báńkì àwọn tí ìjọba yá lówó òwò. Àwọn ọ̀gá ní ká má fún un ní ohunkóhun. Mo ní òfin kò gbà bẹ́ẹ̀: ká yọ ohun tó jẹ́ àṣírí ara ẹni kúrò, ká fún un ní ìyókù. A fún un ní iye ènìyàn tó gba owó náà, iye tí wọ́n gbà àti wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti wá. Inú ẹni tó béèrè kò dùn tán, inú àwọn ọ̀gá náà kò dùn tán. Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ gba kí ènìyàn mọ òfin dáadáa. Kò yẹ kí wọ́n gbé e fún ẹni tó wọṣẹ́ lánàá, tàbí kí wọ́n fi kún iṣẹ́ alukoro ilé iṣẹ́, ẹni tó jẹ́ pé kí orúkọ ilé iṣẹ́ lè dára ni wọ́n ṣe gbà á.

Àwọn akẹgbẹ́ mi kan ní èsì sí gbogbo èyí, kò sì yẹ ká fojú kéré rẹ̀. Wọ́n ní àwọn olóṣèlú ló ń fi òfin náà bá ara wọn jà. Òótọ́ ni, mo rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá jẹ́ òótọ́, òótọ́ ni, ẹni yòówù kó béèrè rẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ náà ń gba àkókò. Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n òfin ti ní kí ilé iṣẹ́ máa gbé ọ̀pọ̀ ìwé síta fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Ẹni tó bá ti lẹ iye owó iṣẹ́ àti orúkọ agbaṣẹ́ṣe mọ́ ara ògiri, lẹ́tà mélòó ló máa kù tó máa dá lóhùn?

Ọ̀rọ̀ kẹta ni n kò rí èsì rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kọ ìwé ìgbéga mi ni ẹni tí mo ní láti sọ fún pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, a gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìwé yìí." Òfin ní wọn kò gbọdọ̀ pè mí lẹ́jọ́. Òfin kò sọ pé wọn kò lè gbé mi lọ sí ibòmíràn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé mi lọ. N kò lè sọ pé nítorí FOI ni, n kò sì lè sọ pé kì í ṣe nítorí rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé oṣù mẹ́ta ni tábìlì yẹn fi wà láìsí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè nìyí. Àkọ́kọ́, kí ìjọba ìbílẹ̀ Àgbádárìgì, àti ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè ti Ìwọ̀-Oòrùn Àgbádárìgì àti ti Ọlọ́runda, kọ ipò òṣìṣẹ́ FOI wọn àti yàrá tó wà sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà, ní Yorùbá, ní Ògù àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ti ní kí wọ́n gbé e síta, pátákó kò sì wọ́n. Èkejì, kí ẹnì kan tó gbọ́ Ògù máa wà níbẹ̀ tó lè kọ ìbéèrè ẹni tó fẹnu sọ ọ́. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n tún yàrá fáìlì ṣe, kí ìwé kan sì wà tí ẹni tó bá mú fáìlì lọ máa buwọ́ lù. Ẹ̀kẹrin, kí ó má jẹ́ pé ọ̀gá kan ṣoṣo ló lè gbé òṣìṣẹ́ FOI kúrò nídìí iṣẹ́ láì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Òfin ti sọ pé kí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ yìí, kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì máa fi ìròyìn ìbéèrè tó gbà ránṣẹ́ sí Agbẹjọ́rò Àgbà lọ́dọọdún, kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kejì. Ẹ béèrè ìròyìn yẹn náà. Èsì tẹ́ ẹ bá gbà, tàbí àìrí èsì gbà, ó ní ohun tó máa sọ fún yín.

Èyí tó kàn wá wà nílé wa níhìn-ín. Yunifásítì ìjọba wà lábẹ́ òfin yìí. Ohun ìkọ́ni àti ìwádìí tí olùkọ́ kọ kò sí lára ohun tí o lè fi dandan gbà, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ná lórí ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lára rẹ̀. Kí ẹ̀ka wa ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tó wà ní ọdún ìkẹyìn kọ ìbéèrè FOI kan ṣoṣo kó tó jáde, kó sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò.

Bẹ́ ẹ bá máa kọ ọ́, ẹ má kọ ọ́ bí ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ mi. "Ẹ fún mi ní gbogbo ìwé nípa títì" kò lè rí èsì rere gbà. Ẹ dárúkọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ibi tó wà àti ọdún tó ṣẹlẹ̀: ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ ilé ìwé báyìí fún agbaṣẹ́ṣe lọ́dún báyìí, àti iye tí wọ́n ti san. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ méje.

Ní ti ìyá, a rí fáìlì náà lọ́jọ́ kejìlá. Wọ́n ti san apá kan owó fún agbaṣẹ́ṣe. Kò sí ìwé ẹ̀rí kankan nínú rẹ̀ pé iṣẹ́ parí, síbẹ̀ ẹnì kan ti gbé pátákó kalẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí, akẹgbẹ́ mi sọ ọ́ ní Ògù. Ìyá ká ìwé náà, wọ́n fi sínú ìró, wọ́n sì gbé e lọ sí ìpàdé àdúgbò. Nígbà tí wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀, omi kò tíì jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ pátákó tó ń purọ́ yẹn, àwọn ará àdúgbò sì ti mọ iye tó kù àti ọ́fíìsì tí wọ́n máa lọ jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ìyá béèrè lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹnì kan tó mú bírò. Mo fẹ́ kí ẹni tó máa mú bírò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú yín.